Ilẹ̀ Wa Lára Ògiri

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí, ni omi gba ilẹ̀ wa. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí wa ní Ìdáàṣà ni. Ìjọba ní àwọn fẹ́ sé odò tó wà láàárín àwọn òkè wa, kí ìlú lè rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baràjì ni wọ́n pe ohun tí wọ́n mọ náà. Àwọn bàbá wa rò pé etí odò nìkan ni omi yóò dé. Kí wọ́n tó mọ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: oko lọ, ilé lọ, ibojì lọ. Ẹsẹ̀ òkè, lórí òkúta, la wá tún ilé kọ́ sí.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú igi ṣóńṣó, ó fa àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà sára ògiri yàrá rẹ̀, ó sì fi ẹfun, èédú àti erùpẹ̀ pupa kùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́, á kó àwa ọmọdé jọ síwájú rẹ̀, á máa fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ. “Ibí ni mo bí bàbá yín sí. Ìdí igi oṣè yìí la sin bàbá àgbà yín sí.” Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀pà tí wọ́n ń sun nídìí ààrò ni mo máa ń rò.

Ẹ sì mọ̀ pé nílé wa nígbà náà, kí Nọẹ́lì, ọdún Kérésìmesì, tó dé, àwọn ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ rẹ́ gbogbo ògiri. A ó po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, a ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, a ó wá fi omi èèpo irúgbá tí a sè bò ó kó lè dán. Ilé tí a kò bá rẹ́, ẹ̀gàn ọmọbìnrin ibẹ̀ ni. Mo ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún tí Ìyá lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní abúlé Tré, tó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Òjò tó jò wọ yàrá ti fọ ẹfun àwòrán náà dà nù níbì kan. Mo ní tí Ìyá bá dé, á tún un yà lórí ògiri tó mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Nígbà tó dé, ó na ọwọ́ sí ògiri. Ó fi ìka wá a títí.

“Ta ló rẹ́ ibí?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“O kú iṣẹ́. Ó dán.”

Bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ìyá mi kò ríran mọ́, kò kàn fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ ni. Ìka ló fi ń rí ilẹ̀ náà.” Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ìyá kò ya nǹkan kan mọ́ títí tó fi kú, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù yín ń ya gbogbo nǹkan, títí kan oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ayé yín rọrùn, mi ò jowú yín. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé pátákó àti ọ̀dà wá láti Kùtọnu, wọ́n ní kí n ya ilẹ̀ wa fún àwọn. Bàbá mi ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tí mo lè bi léèrè. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo yà á. Wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá ìgbàlejò. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti mọ̀ ọ́n lórí, òun ló ń fi ibojì bàbá-ńlá rẹ̀ han àwọn àlejò. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ibi tí àyè ti ṣẹ́ kù lórí pátákó ni mo gbé ibojì náà sí.