Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ó Ṣeé Yọ

Ènìyàn mọ́kànlá ni. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má ṣe kọ ọ́ síbì kankan. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó gba òògùn tí ara wọn kò gbà, ní ilé ìwòsàn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa ń bójú tó ní agbègbè Kàbà, lẹ́yìn tí olúkúlùkù wọn ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa, nígbà tí ó ń forúkọ sílẹ̀, pé irú òògùn bẹ́ẹ̀ kì í bá òun lára mu. A gbọ́. A kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni a fún wọn ní òògùn náà. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tí ó kọ́ mi ní ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ṣáájú àwọn tí ó kọ ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé ìwòsàn náà ń lò. Mo lè ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láìfi èdè awo bò ó, nítorí pé èdè awo ni wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ìṣòro ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Irọ́ ni. Ohun tí a ní kí ẹ̀rọ ṣe gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ṣe.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà pín irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí í kọ gbogbo rẹ̀ ní ìdì kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sọnù sínú rẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ó lè pín in sí mọ́dúù: ìforúkọsílẹ̀ níbìkan, òògùn níbìkan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbìkan, olúkúlùkù pẹ̀lú ààlà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn wà nínú ilé kan náà. A jọ ń dán wọn wò ni, wọ́n jọ ń jáde ni, bí ọ̀kan bá sì sọnù, ilé náà kò ní ṣí. Tàbí kí ó lo plọgíìnì: kí ó kọ́ àárín ètò náà níwọ̀nba, kí ó dá ihò sí i lára, kí àwọn ẹlòmíràn máa ti ìta ki tiwọn bọ̀ ọ́. Àárín kò mọ orúkọ ohun tí a kì bọ inú ihò. Bí a bá ki nǹkan bọ̀ ọ́, yóò lò ó. Bí a bá fà á yọ, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó lọ.

Mọ́dúù ni mo gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà, níbi tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní aṣojú. Kí òǹkàwé tó lè mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, ó yẹ kí ó mọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Kàbà. Kò sí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ nínú rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó kan bẹ́ǹṣì tirẹ̀ wá, tí ó sì fi ọ̀dà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí inú bá bí ìlú kan, kì í pariwo, kì í gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Àwọn ènìyàn rẹ̀ á dìde, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á lọ. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, àlàfo á wà láàárín gbọ̀ngàn, gbogbo ojú á sì máa wò ó. Àwọn àgbà kò ní lè fara dà á pẹ́. Wọ́n á tọ̀ wọ́n lọ sílé, wọ́n á bẹ̀ wọ́n, bẹ́ǹṣì á padà. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, ọgbọ́n gíga ni mo sì kà á sí. N kò tíì rí àṣà mìíràn tí ó ń jẹ́ kí ìbínú hàn sójú ayé láìjẹ́ pé ẹnìkan fara pa.

Alága ìgbìmọ̀ wa jẹ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn tí ó mú ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ dúró. Ó gbọ́ àlàyé mi dé òpin, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ bá dé, ṣé ìlú kan lè gbé tirẹ̀ jáde?"

Mo ní rárá, Bàbá, mọ́dúù kì í ṣe ohun tí à ń gbé jáde.

"Nígbà náà, kì í ṣe tiwọn. Tìẹ ni."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n máa ṣọ́ mi o, pé àwọn tí ó kàwé jù ló máa ń fẹ́ fi ìṣó kan bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀. Mo jiyàn títí ohùn mi fi há. Wọ́n dìbò. Plọgíìnì borí. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà fún àwọn ìlú nìyẹn, bí ìgbà tí à ń pín ipò ẹgbẹ́: èyí gba ìforúkọsílẹ̀, èyí gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìlú kan tí n kò ní dárúkọ sì gba ìkìlọ̀ òògùn, ìyẹn apá tí ó ń wo òògùn tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fún ènìyàn, tí ó sì ń figbe ta bí ara ẹni náà kò bá gbà á. Obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà, tí òun náà ń fi kóòdù kíkọ jẹun bíi tèmi, ni ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa. N kò rí àbùkù kan nínú rẹ̀ títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò bá plọgíìnì jà. Nígbà tí àwọn ìyá kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ráhùn pé èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń kí wọn kì í ṣe tiwọn, plọgíìnì ni a fi tún un ṣe, ọ̀kan fún ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan lágbègbè wa: Owé ní tirẹ̀, Ìjùmú ní tirẹ̀, Ìyàgbà àti Bùnù ní tiwọn. Lọ́jọ́ tí ti Bùnù bá bàjẹ́, ohun tí ó burú jù tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni pé a ó fi èdè Owé kí ọmọ Bùnù, yóò bú wa, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí nǹkan yìí kò bá sí níbẹ̀ lọ́la, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹ̀rín tàbí ìtìjú, kí ó ṣeé yọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òkú, kò gbọdọ̀ ṣeé yọ. Mo sọ èyí ní ìpàdé. Wọ́n ní mo fẹ́ràn àsọdùn.

Ìjà dé, gẹ́gẹ́ bí ìjà ti máa ń dé. Ọ̀rọ̀ ìlú tí yóò gba àlejò ìpàdé ọdọọdún ni. Ìlú tí ó ni ìkìlọ̀ òògùn gbà pé ó kan àwọn. Ìgbìmọ̀ gbé e fún ìlú mìíràn. Àwọn tí ó bínú kó bẹ́ǹṣì wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wọn, tí òfin ìgbìmọ̀ fún ní àṣẹ lórí apá tiwọn, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì yọ apá náà kúrò. Kò bi obìnrin tí ó kọ ọ́. Lójú tirẹ̀, bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ni, ó sì wá gbé e.

Níbí ni àṣìṣe wa wà, àwa gbogbo tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bẹ́ǹṣì ń sọ̀rọ̀ nítorí pé àlàfo rẹ̀ ń hàn. Plọgíìnì tí a yọ kì í fi àlàfo sílẹ̀. Ojú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń wò mọ́ tónítóní bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, bí kò bá sí ewu, yóò dákẹ́. Nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ó dákẹ́ pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ méjì tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí: ọ̀kan ń sọ pé àlàáfíà ni, èkejì ń sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Tíṣà mi tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ń gbé ní Ògìdì. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò ní "Okun o, Mọ̀mí," bí a ṣe ń kí ara wa lágbègbè wa, Tíṣà yóò sì dá olúkúlùkù lóhùn kí ó tó bá a wí nítorí bí ó ṣe wọṣọ. Ọgbẹ́ tí ó gbà lóko mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó bá níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ibi iṣẹ́ náà ni. Ó bi í bóyá òògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Tíṣà ní òun ti sọ ọ́, ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan. Ohun tí Tíṣà sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Apá tí í gbé e síta fún nọ́ọ̀sì ni kò sí mọ́. Nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì. Kí Tíṣà tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ètè rẹ̀ ti wú, ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí. Dókítà wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, òun ni ó gbà á là. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ó máa ń lọ sí ilé ìwòsàn kejì ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá máa kọ.

Ìgbà náà ni èmi àti obìnrin tí ó kọ ìkìlọ̀ náà jókòó, tí a fi òògùn tí a ti fún àwọn ènìyàn láti ìgbà tí a ti yọ ọ́ wé ohun tí wọ́n ti sọ fún wa. Iye àti irú òògùn nìkan ni a jẹ́ kí ó jáde, a kò wo orúkọ: ènìyàn mọ́kànlá, Tíṣà kún un. Òfin tí mo fúnra mi kọ sínú ètò náà ni pé ẹni tí ó kọ kóòdù kò gbọdọ̀ yọjú wo àṣírí aláìsàn. Mo ṣì gbà pé òfin rere ni.

Mo lọ kí Tíṣà. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ohùn rẹ̀ kò tíì là. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, ihò, plọgíìnì, ìjà àlejò ìpàdé. Ó ní láti kékeré ni àlàyé mi ti máa ń gùn bí ìròyìn burúkú bá wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí.

"Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo ní wọn kò tíì mọ̀.

"Àwọn kan nínú wọn gbé hóró òògùn lọ sílé, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

"Kí ni o wá ń ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Dókítà ti ṣàlàyé fún mi ohun tí ìbéèrè rẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹni tí ó lo irú òògùn bẹ́ẹ̀ tí ara kàn yún díẹ̀, tàbí tí kò rí nǹkan kan rárá, lè gbà pé ó ti bá òun lára mu. Ẹ̀ẹ̀kejì lè jẹ́ èyí tí yóò dí i lọ́fun. A sì mọ ilé ara wa. Kò sí ẹni tí í da òògùn tí ó ṣẹ́kù nù. A óò fi í pamọ́ de ibà tí ń bọ̀, a óò bu díẹ̀ fún aládùúgbò.

Mo padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ìlú tí ó bínú ti kó bẹ́ǹṣì rẹ̀ padà nígbà náà, wọ́n sì ti ki ìkìlọ̀ òògùn padà sínú ihò rẹ̀. Alága fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Bí a bá sọ iye yẹn síta, ó ní, ìlú yẹn ni gbogbo ènìyàn yóò máa nàka sí, wọn kò sì ní bá wa jókòó mọ́ láé. Mo ní kí wọ́n má dárúkọ ìlú kankan, kí wọ́n ṣáà pe àwọn ènìyàn náà. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ tí a bá pè ni gbogbo Kàbà yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin tí ó kọ ìkìlọ̀ náà dìde. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

"Bàbá, ẹ gbé kóòdù mi sí àárín, kí ẹ pa orúkọ ìlú mi rẹ́ lórí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ẹnìkan bi í bóyá ìlú rẹ̀ ni ó rán an níṣẹ́ yẹn. Ó ní kò sí ẹni tí ó rán òun, aláìsàn ni òun kọ ọ́ fún. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí Alága. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti mú kí àwọn ìlú tí kò fẹ́ fojú rinjú jọ kọ́ ohun kan, ó sì mọ bí ó ṣe rọrùn tó fún un láti tú ká. Ohun tí ó ń ṣọ́, èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ tí ó ń béèrè pé kí aláìsàn má mọ ohun tí ó gbé mì, ìdìtẹ̀ ni mo pè é, aláìsàn ni a sì dì í mọ́.

Nítorí náà ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ni mo ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ fi ìkìlọ̀ òògùn sí àárín ètò náà, níbi tí ọwọ́ ìlú kankan kò ti lè tó o, títí kan ìlú tèmi. Ẹ jẹ́ kí ètò náà kọ̀ láti ṣí bí kò bá rí i. Ìyẹn lè gbà wá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo sì ti ṣetán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní òògùn yẹn nínú ilé kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ẹ̀yin ni ẹ ní orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn. Èmi kò ní in, n kò sì ní jí i wò. Ẹ pè wọ́n. Bí ó bá ń tì yín lójú, ẹ fún mi ní àṣẹ, èmi yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ sọ fún wọn lónìí, kí ẹnìkan nínú wọn tó tún gbé hóró kan mì.