Fèrèsé Tí A Fi Bu Ọlá Fún Ọ̀gá

Àbúrò mi ni Kafilat, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n ní Ìwó. Bí ó bá ń ké Kùránì ní àsàlátù, àwọn ìyá àgbà á gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Mo máa ń jowú rẹ̀, n kò ní purọ́. Ohùn tèmi dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Iṣẹ́ láàbù ló ń ṣe, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Òun ló ń bu fọ́málìn sínú àwọn ìgò tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá kí wọ́n má baà jẹrà. Òórùn rẹ̀ ń ta ojú, ó ń ta ọ̀fun. Ṣùgbọ́n láàbù náà ní fèrèsé níhà méjèèjì. Atẹ́gùn á gba ti ìlà-oòrùn wọlé, á kọjá lórí tábìlì Kafilat, á gbá òórùn náà jáde lódìkejì. Ó ṣe é títí, kò húkọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé, Dókítà Sirajudeen. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì béèrè nǹkan kan o! Àwọn òṣìṣẹ́ ló ní ọmọdé kì í gba atẹ́gùn kí àgbà wà nínú ooru. Ni wọ́n bá fi pákó gé láàbù sí méjì, gbogbo fèrèsé ìlà-oòrùn bọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Kafilat gan-an ló ṣe àdúà ìṣílé ọ́fíìsì náà. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé ọ̀gá ń nu ojú.

Láti ìgbà náà, òórùn kò rí ohun tó máa tì í jáde mọ́. Wọ́n so fáànù mọ́ àjà. Fáànù wo? Ó kàn ń ro òórùn náà bí ẹni ń ro ọkà ni. Ikọ́ dé, ohùn Kafilat bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

“Lọ ní kí wọ́n tú pákó yẹn! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu wo ni n ó fi ní kí àgbà dìde níbi atẹ́gùn?”

“Ṣé àgbà ló máa bá ẹ mí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì húkọ́.

Nígbà tí dókítà ọ̀fun ní Òṣogbo sọ pé ohùn náà kò ní padà mọ́, ọ̀gá wá kí i nílé. Mo sọ ohun tó fà á fún wọn láìfi bò. Ńṣe ni wọ́n dìde dúró.

“Kafilat, ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ fèrèsé? Òtútù kì í bá mi lára mu. Títì ni mo máa ń ti gbogbo wọn pa.”

Mo kórìíra ẹ̀kọ́ ilé lọ́jọ́ náà, tiwa àti ti gbogbo Ìwó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mìíràn ló ké Kùránì ní àsàlátù. Kafilat ń mi ètè tẹ̀ lé e, kò sí ohùn. Àwọn ìyá àgbà ti gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n ní kó máa gba atẹ́gùn.