Bọ́tìnì Tó Ń Gbé Orin Sókè

Kíì C nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Nígbà tí ọdún 2000 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹnikẹ́ni ò sì fura, nítorí bọ́tìnì wà. Kíbọ́ọ̀dù náà kúrú. Tí mo bá fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, bọ́tìnì ọ́kítéèfù ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Tí akọrin bá gba kíì mìíràn bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnì tiransipóòsì á gbé mi bá a níbẹ̀, ọwọ́ mi ò ní kúrò lójú kan. Mi ò tijú. Ẹni tó wọ ọkọ̀ gbaka láti Adjamé dé Anyama, ta ló máa ní kò dé torí pé kò fẹsẹ̀ rìn?

Sìsítà kan tó ń ta àwo lọ́jà, tó jẹ́ olórí akọrin wa, ló tú àṣírí mi. Lọ́jọ́ ìgbáradì, ó ní, "Vraiment, lóòótọ́, ẹ yọ bọ́tìnì yẹn kúrò, ẹ ó rí i pé bọ̀dá ò mọ nǹkan kan." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, ìdí tó fi ká mi lára nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, tiẹ̀ ti balẹ̀.

Kò pẹ́, pásítọ̀ àgbà wá láti àdúgbò Riviera láti mú ohùn kan ṣoṣo nínú wa, tí yóò máa léwájú orin ní ìjọ ńlá tiwọn. Ọdún mẹ́ta ni sìsítà yìí ti ń fi ọ̀rọ̀ náà gbàdúrà. Ó gbé orin lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ dára débi pé ó ń bí mi nínú.

Ó ti mọ́ wa lára pé tí orin ìyìn bá gbóná, màá fi bọ́tìnì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìjọ lè fò. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ìjọ hó yèè. Mo tún gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, sìsítà bojú wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹ ẹ̀kẹrin. Pásítọ̀ ń ju áńkáṣíìfù, ó rò pé Ẹ̀mí ló dé. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ohùn sìsítà ya, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohunkóhun ò jáde. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Wọ́n mú ẹlòmíràn. Bí a ṣe ń to àga, sìsítà wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Pardon, bọ̀dá. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run wá gba ohùn lẹ́nu mi. Kí ni kí n ṣe?"

Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ìdí àwo rẹ̀ kọjá lọ́jà. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó fi ọjọ́ mẹ́rin kún un.