Gbólóhùn Tí Mi Ò Túmọ̀

Òórùn omi javel tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ló máa ń jí mi láràárọ̀ lọ́dún tí ikọ́ ife mú ìyá mi. Ní àgbàlá ilé wa ní àdúgbò Siporex, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Sáídì, á ti rẹ abọ́, ife àti ṣíbí ìyá mi sínú korobá lọ́tọ̀. Ó fi aṣọ dí fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ní òtútù ló ń bọ́ ikọ́. Àwa yòókù ń jẹun nínú àwo kan ní ìta. Ìyá mi ń dá tirẹ̀ jẹ nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀, kó tó ṣàìsàn, òun ló máa ń sọ pé, "Oúnjẹ àdájẹ kì í yó ni."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Bàbá mi kì í kúrò níbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sáídì kò gbọ́ Faransé, ìyá mi gbọ́ ìwọ̀nba tó fi ń ra ata. Èmi ni mo ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn, tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, ó fi bírò tọ́ àmì wínníwínní sínú rẹ̀. Ó ní kòkòrò àrùn nìyẹn, ojú lásán kò lè rí i. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, á bá afẹ́fẹ́ jáde. Ẹlòmíràn á mí in sínú, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á máa pọ̀ sí i, á sì máa jẹ ibi tó jókòó sí. Ó ní ká máa ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, kì í sì gba inú abọ́ ran ènìyàn. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ìyá Sáídì ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n kò fi javel sílẹ̀. "Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá wa jẹun ni?"

Lẹ́yìn oṣù méjì tí ìyá mi ti ń lo oògùn, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí kòkòrò kankan. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lo oògùn náà pé oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Kó padà máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Ó wá ń wò mí, kí n túmọ̀.

Mo rántí ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nínú áńkáṣíìfù ìyá mi. Mo ní, "Ó ní kẹ́ ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" ni ìyá mi wí. "Faransé yìí mà gùn o, Àjọkẹ́."

Oṣù mẹ́rin sí i ló fi dá jẹun. Bí mo bá gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "O ṣé, ọmọ mi," á sì dúró títí n ó fi kúrò kó tó jáde wá gbé e, kí èémí rẹ̀ má baà kàn mí.

Ara rẹ̀ yá. Nígbà tó darúgbó ó padà sí Èjìgbò, ìlú wa, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún tó kọjá. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi nìkan ni mo sì ń gbé. Ẹ̀rù ló ba ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn. Mo ti dárí jì í. Àgbà tó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí kò sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn fún un, òun ni mi ò tíì lè dárí jì.