Kúlúsúmù Onífọ́tò Kì í Pa Ẹnikẹ́ni Rẹ́

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ Kúlúsúmù onífọ́tò bí ẹni pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa ní Ìfọ̀ níbí. Èmi ń ránṣọ ní tèmi, òun ń ya fọ́tò ní tirẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀, Àdìó, fi sílẹ̀ fún un. Bàbá yẹn ló ya tọmọdé tàgbà ìlú nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, kò sì da négétíìfù kankan, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, nù. Inú agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí, agolo kan fún àdúgbò kan. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n dáná sun àwọn agolo náà, pé àwòrán òkú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kúlúsúmù ní ẹni tó bá fẹ́ dáná, kó lọ dá a sídìí ìkòkò ọbẹ̀ nílé ara rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí, àfi ìgbà tó ní òun fẹ́ fi kámẹ́rà dígítà kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó gbé iná kékeré sínú páálí bàtà, ó fi ìdérí ike funfun bò ó kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn dọ́gba, ó tẹ́ négétíìfù lé e, ó wá so kámẹ́rà mọ́ irin kan lókè kó dojú bolẹ̀. Bí kámẹ́rà bá mì pẹ́nrẹ́n, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló sì ń mi ògiri. Kúlúsúmù á pè mí láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìyá Jọmílójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì." Èmi tí oníbàárà jókòó tì. Mo máa ń pòṣé, inú á máa bí mi, síbẹ̀ màá gbẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Táíyé wá láti Arepo ni mo mọ ohun tí mò ń gbẹ́sẹ̀ fún. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bólúwadúró, ni wọ́n jọ wá. Ìfọ̀ níbí ni wọ́n bí Táíyé sí. Kékeré ni Kẹ́hìndé rẹ̀ ti kú, fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní sì ti jẹrà mọ́ gíláàsì nígbà tí òjò wọlé ìyá wọn ní Mowe. Ìyá náà ti dolóògbé.

"Àǹtí, mi ò rántí ojú Kẹ́hìndé mi mọ́," ló wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi wá a."

Kúlúsúmù béèrè àdúgbò, ó tú agolo, ó rí i. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo sì kọjá sọ́dọ̀ wọn. Ó yà á, ó yí i padà lórí kọ̀ǹpútà, dúdú di funfun, funfun di dúdú, ọmọbìnrin méjì sì jókòó síwájú wa. Táíyé ń fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún ayọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn. "Táíyé, àpá iwájú orí ẹ rèé. Ó tún wà lórí èkejì." Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là wọ́n láàárín.

Kúlúsúmù kò purọ́. "Kẹ́hìndé ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò yìí. Bí ìbejì kan bá lọ láìya fọ́tò, ẹni tó kù ló máa jókòó fún àwọn méjèèjì. Bàbá mi á bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á yà á, ọmọ á wá lọ jókòó sí òdìkejì, á bo ìdajì kejì, á tún yà á lórí fíìmù kan náà."

"Irọ́ ni fọ́tò náà nìyẹn," Bólúwadúró ní. "Màdáámù, ẹ pa ẹni tó kú yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ tẹ ẹyọ kan fún wa. Mi ò lè gbé òkú kọ́ ògiri ilé mi."

"Mi ò ní pa ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú iṣẹ́ bàbá mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, onífọ́tò pọ̀ ní Ìbàfò."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ọkùnrin náà lára, ṣùgbọ́n Táíyé ti nu ojú.

"Mo rántí," ló wí. "Bàbá kan ní kí n dìde, kí n lọ jókòó fún Kẹ́hìndé. Mo ní ṣé ó ń bọ̀ ni. Màámi kàn ń tún ọrùn aṣọ mi ṣe." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Jésùlayọ̀mi, ẹ ní kí wọ́n pa ẹni tó kú rẹ́. Ẹ nàka sí i."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ọ̀tún. Ó gbé e sí òsì. Ó dúró.

"Èyí tó wà lọ́tùn-ún, èmi ni. Tòsì, èmi náà ni. Èwo ni kí wọ́n pa nínú mi?"

Bólúwadúró sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ tẹ àwa méjèèjì," Táíyé ní. "Ẹ jẹ́ kó tóbi, kó kún ògiri pálọ̀."

Kúlúsúmù ní bó bá máa tóbi tó bẹ́ẹ̀, òun gbọ́dọ̀ tún négétíìfù náà yà. Ó kọjú sí ògiri kó lè pè mí bó ti máa ń ṣe, ó gbàgbé pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ti gbẹ́sẹ̀ tipẹ́.