Dókítà ẹran ní àrùn wà nínú ìran ajá mi

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ dókítà ẹran yìí o!
Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní ìwé kejì, tí mo fi ọdẹ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì n'Ìwó!
Ọmọ ajá mi ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Mo ti ń bú aládùúgbò pé ó fún un ní májèlé.
Dókítà ní, "Baba, akọ ajá wo ló gun ìyá rẹ̀?"
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ajá lásán kì í gun ajá tèmi!"
Ó mirí. "Májèlé kọ́, Baba. Àrùn ìdílé ni, ìyá àti bàbá tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló jọ fún un. Ọpọlọ ló ń bàjẹ́, kò sì gbóògùn."
Ogún ọdún tí mo fi ń ṣọ́ ìran yẹn!
Ẹ̀yin tí mo fún lọ́mọ ajá, ẹ dákun, ṣé tiyín ń rìn dáadáa?