Ìrun Tí A Kẹ̀yìn sí Òkúta Ogun Kí

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, kété lẹ́yìn ìrun ọ̀sán; ọyẹ́ mú, eruku sì bo Tamale débi pé oòrùn rí bí àwo funfun. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti pàṣẹ kí gbogbo Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò Mùsùlùmí, wá wo òkúta tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwọn tó kú sógun àwọn òyìnbó.

Aládùúgbò wa obìnrin kan, tó ń ta iyọ̀, dúró tì mí. Láàárín ọjà ni wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀, tí wọ́n fi tipátipá sọ ọ́ di aláàárù àwọn sójà. Kò padà. Nítorí pé kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀, àwọn àáfà wa ará Ìlọrin kò jẹ́ kí obìnrin náà ṣe opó. Kò sì lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ti gbọ́ pé orúkọ àwọn òkú wà lára òkúta náà. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló bá wá, ó sì ní kí n bá òun wá a, nítorí mo ń kọ́ ìwé òyìnbó lálẹ́.

Oníṣòwò kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́, ṣé ìwé rẹ ń ríran lọ́sàn-án?"

Mo fara balẹ̀ kà á, mo tún un kà, nítorí n kò fẹ́ ṣìnà. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tiwọn, pẹ̀lú oyè. Gbogbo àwọn yòókù di gbólóhùn kan ṣoṣo: "Àti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n fi tinútinú kú fún Ọba."

"Tinútinú kẹ̀?" ni obìnrin náà wí. "Ẹni tí wọ́n fi okùn so mú lọ?"

Ajẹ́lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ wa sí Ọba. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ńṣe la ń ti ara wa ṣubú láti dé ojú ogun. Ògbifọ̀ sì ń gbé irọ́ náà fún wa ní èdè Háúsá, láìdín ẹyọ kan kù.

Obìnrin náà yíjú sí àáfà àgbà. "Bàbá Àáfà, àwọn tó mú un lọ gan-an ló ń sọ pé gbogbo wọn kú. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń dúró dè?"

"Ó tó," ni Àáfà wí. "Ẹ tò, ká kí ìrun òkú rẹ̀."

A tò, a kọjú sí ìlà-oòrùn. Òkúta àti Ajẹ́lẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn wa. Ojú Ajẹ́lẹ̀ pọ́n. Ògbifọ̀ sáré ṣàlàyé fún un pé báyìí la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Ọba. Ni òyìnbó bá ṣí fìlà, ó dúró ṣinṣin títí a fi sálámà ìrun òkú ọkùnrin tí kò kà sí ẹni tí à ń kọ orúkọ rẹ̀.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ opó lọ́jọ́ náà. Nígbà tó parí rẹ̀, ó lọ́kọ ní abúlé Gurugu. Lẹ́yìn ogun kejì ti àwọn òyìnbó, àwọn sójà tó padà dé fi òòlù gbẹ́ "tinútinú" kúrò lára òkúta. Wọn kò kọ orúkọ kankan sí i.